Bàbá Sátidé àti Ìwọ̀n Kòkó

Ajue, lọ́nà Ọ̀rẹ̀,
Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1978.

Báyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo kí yàrá tí o háyà sí Èkó tí n kò tíì fojú rí, mo kí ọ̀gá yín níbi tí ẹ ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹrù kankan já lé ọ lórí. Ṣé ara rẹ yá? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ara tèmi náà yá, àfi orúnkún òsì tó máa ń dùn mí bí òjò bá ti ṣú, àti ọkàn mi, tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo bá dé ìsàlẹ̀ ìwé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìsìn òwúrọ̀ ni, mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, torí bí mo bá bọ́ ọ, inú lè tún bí mi kí n tó kọ ọ́ tán.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò ọdún yìí pọ̀, èso kòkó ń dúdú lórí igi, a ń fín oògùn sí i, òjò ń fọ̀ ọ́ dànù. Ewúrẹ́ ìyá rẹ Cecilia, kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi, ti bí méjì, akọ kan, abo kan. Àwọn kan tó dé akoro funfun tún ti lọ sí Agbabu láti wo ọ̀dà inú ilẹ̀ yẹn, wọ́n wò ó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Wọ́n ní owó epo pọ̀ ní Èkó báyìí débi pé ọkọ̀ òkun ń tò lórí omi, wọn ò ráyè dé èbúté. Mo sọ fún àwọn tó sọ ọ́ pé mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ mi kò fi ráyè wálé.

Ọ̀rọ̀ Adékẹ́mi ọmọ rẹ ló gbé mi jókòó. Kí n rán ọ létí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí o ti sáré wọ mọ́tò Èkó lọ kí íńkì ìwé náà tó gbẹ. Ní oṣù kejì tí kọ́ọ̀tù tú ìwọ àti Monílọ́lá ká ní Odígbó, èmi ni mo dúró gba ìwé àṣẹ. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, Akínwọlé akọ̀wé kọ́ọ̀tù ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lábẹ́ igi. Ó ní kọ́ọ̀tù sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ yóò máa gbé ní Ọ̀rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ó ní baba rẹ̀, tàbí ẹni tí baba rẹ̀ bá fi ìwé yàn, yóò máa mú un ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹni náà sì dá a padà ní ipò dáadáa gẹ́gẹ́ bó ṣe gbà á. Mo ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká ìwé náà sínú Bíbélì, mo sì gbé e wálé.

Èmi tí wọ́n fún ní Sátidé, mo mú un ní pàtàkì. Nígbà tí àwọn ará Ajue fẹ́ fi Sátidé àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún ro ọ̀nà odò, mo dìde nínú ìpàdé, mo ní wọn kò lè lò ó, ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti ìlú mọ́, ti ìdílé wa ni, òǹtẹ̀ ìjọba wà lórí ìwé rẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá. Mo mú un wá. Kò sí ẹni tó lè kà á, wọ́n bá sún iṣẹ́ ọ̀nà sí Sátidé kejì. Wọ́n ṣì ń bínú sí mi díẹ̀díẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń lọ mú Adékẹ́mi láti oṣù kẹta, oṣooṣù, mi ò pa ọ̀kan jẹ. Ó sì yẹ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ, torí baba kò gbọ́dọ̀ máa purọ́ fún ọmọ. Mo ń jowú Ìyá Ọ̀wọ̀. Ìyá Ọ̀wọ̀ ni ìyá ìyàwó rẹ, n kò mọ ohun tí kọ́ọ̀tù ní kí a máa pè é báyìí, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti Ọ̀wọ̀ láti máa bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ. Obìnrin náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó máa ń kí mi dáadáa, ó máa ń gbé àga fún mi. Àga náà gan-an ń bí mi nínú, torí àlejò ni wọ́n ń gbé àga fún. Òun ló ń wẹ̀ fún ọmọ, òun ló ń dirun fún un, orí ibùsùn kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Bí oṣù bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, ó ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, èmi ní ọ̀kan, ọ̀kan náà kò tún pé. Ọmọ ń pè é ní Màmá mi. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó ń pe èmi? Bàbá Sátidé. Mo jẹ́wọ́ owú yìí fún àlùfáà wa, ó ní kí n kúnlẹ̀ gbàdúrà, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà, mo dìde, owú náà dìde pẹ̀lú mi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ipò dáadáa yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo rò ó títí. Báwo ni arúgbó bíi tèmi yóò ṣe fi hàn pé bí mo ṣe gba ọmọ ni mo ṣe dá a padà? Bí Ìyá Ọ̀wọ̀ bá sọ pé ó rù lọ́dọ̀ mi ńkọ́, ta ni yóò jẹ́rìí mi? Ó wá sí mi lọ́kàn pé láti ogójì ọdún tí mo ti ń ta kòkó, kò sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi rí, ohun tí ìwọ̀n bá sọ ni wọ́n ń gbà. Bí mo ṣe mú Adékẹ́mi lọ́wọ́ nìyẹn, ní Sátidé àkọ́kọ́ gan-an, mo mú un lọ sí sítọ́ò tí a ti ń ta kòkó ní Ọ̀rẹ̀, mo ní kí Sàlíhù tó máa ń wọn kòkó wa gbé e lé ìwọ̀n.

Sàlíhù kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣeré. Mo fi ìwé kọ́ọ̀tù hàn án, ó rí òǹtẹ̀, ó gbé ọmọ lé ìwọ̀n. Ọmọ dúró lórí irin náà gbọnrangandan, ó pa ọwọ́ mọ́ra, ó jẹ́ kílò mẹ́tàdínlógún. Sàlíhù kọ rìsíìtì, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Nígbà tí a ti Ajue padà ní ìrọ̀lẹ́, a tún wọ̀n ọ́n, mẹ́tàdínlógún náà ni, ó tún kọ òmíràn. Mo fi méjèèjì sápò, mo sì fi ọmọ lé Ìyá Ọ̀wọ̀ lọ́wọ́, ọkàn mi balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe lóṣooṣù. Adékẹ́mi fẹ́ràn rẹ̀, bó bá ti rí sítọ́ò náà ló máa ń sáré lọ gun ìwọ̀n. Ní oṣù keje tí òjò pa wá, Sàlíhù ní òun yóò yọ ìdajì kílò fún omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún wa. A ṣe wàhálà. Mo ní ọmọ kì í ṣe kòkó tútù, kó kọ ohun tó rí.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ní oṣù karùn-ún, nígbà tí mo lọ mú un, ó ti di kílò méjìdínlógún. Kílò kan gbáko, ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀wọ̀ ló sì ti rí i. Mo bèèrè ohun tó ń jẹ, ó ní Màmá òun ń fún òun ní ẹyin àti tíì Ofátìn láràárọ̀. Kí ni mo rí ṣe sí ẹyin àti Ofátìn? Mo jókòó sí mọ́tò, mo di ìwé rìsíìtì mú, mo ń wo kílò tí kì í ṣe tèmi. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kò sí lórí kí ọmọ má dín mọ́, ó wà lórí kó lé. Oṣù kẹfà, kò lé. Oṣù keje, kò lé. Oṣù kẹjọ, obìnrin náà tún ti fi ìdajì kílò kún un.

Ní oṣù kẹsàn-án yìí, mo múra. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo ti se ọbẹ̀ ìgbín sílẹ̀. Bí a ṣe dé Ajue, mo ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, ó jẹ ẹ́. Mo sun ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi epo sí i, ó jẹ ẹ́. Mo sun àgbàdo, mo bó ọsàn, mo gé ìrèké, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ gbogbo rẹ̀ torí kò fẹ́ kí n ba ojú jẹ́. Ní aago méjì mo tún ro púpurú. Ó ní Bàbá, inú òun ti kún. Mo ní kó bá mi jẹ òkèlè mẹ́ta péré. Kí a tó wọ mọ́tò, mo fún un ní omi ife méjì. Nígbà tó gun ìwọ̀n Sàlíhù, ó jẹ́ kílò mọ́kàndínlógún àti ààbọ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú sítọ́ò. Kílò kan ni mo fi kún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí obìnrin yẹn fi oṣù méjì ṣe.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago mẹ́rin tó lù, mo na rìsíìtì sí Ìyá Ọ̀wọ̀ kí n tó kí i. Ó gbà á, ó ń wá awò ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni Adékẹ́mi ti bì. Ó bì sí etí aṣọ ìyá náà, ó bì sórí bàtà mi, ó bì títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀. Báyọ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kílò mi ti ń dà sílẹ̀. Ìyá Ọ̀wọ̀ kò bú mi. Ó gbé ọmọ lé itan, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ wá bojú wò mí láti orí itan rẹ̀, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Sátidé.” Mo lọ jókòó sí ibùdókọ̀, mi ò rántí mọ́tò tí mo wọ̀ délé.

Ìgbà yẹn ni Monílọ́lá rí rìsíìtì náà. Ó bi ọmọ léèrè, ọmọ sì ṣàlàyé fún un dáadáa pé oṣooṣù ni a máa ń wọn òun, àti pé Sàlíhù ti fẹ́ yọ omi òun rí. Ó sunkún, ó sì lọ sí kọ́ọ̀tù. N kò bá a jà o, torí títí di òní, bó bá rí mi, ó ń kúnlẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ṣáájú. Mo wá sí pósíófíìsì Ọ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi pe fóònù ibi iṣẹ́ rẹ. Mo ṣí fìlà. Ẹnì kan dáhùn, ó ní o kò sí nítòsí, ó sì gbé e sílẹ̀. Èmi kò gbé tèmi sílẹ̀. Mo dúró, mo fi sùúrù ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí tí wọ́n fi ní ẹlòmíràn fẹ́ lò ó. Nítorí náà kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tuntun sí ọ, àfi bí fóònù náà kò bá tíì jíṣẹ́.

Ọjọ́rúú tó kọjá ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Mo wọ aṣọ òkè mi, mo kó rìsíìtì mẹ́tàlá dání, méjì méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ìkẹrìnlá wà lọ́wọ́ Monílọ́lá. Monílọ́lá ní wọ́n ń wọn ọmọ òun bí àpò kòkó, àwọn èèyàn tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Pírẹ́sídẹ̀ǹtì kọ́ọ̀tù tó ń dá ẹjọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba àwọn ìwé náà, ó ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá bi mí pé, “Bàbá, kí ni ẹ ń wọn ọmọ fún?”

Mo ní, “Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó dín lọ́wọ́ mi.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní òun gbọ́. Ó wá ní kí n mú ìwé tí baba ọmọ fi yàn mí wá. Mo mú lẹ́tà rẹ jáde nínú Bíbélì, èyí tí o kọ ní ìparí oṣù kejì. Akínwọlé kà á sókè: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ mú un ní Sátidé yìí. Èmi fúnra mi ń bọ̀ ní ti oṣù tó ń bọ̀.” Pírẹ́sídẹ̀ǹtì ní ṣé èyí nìkan ni. Mo ní èyí nìkan ni. Ó ní a jẹ́ pé Sátidé kan ṣoṣo ni wọ́n yàn mí fún, kò sí ìwé lẹ́yìn mẹ́fà tó kù. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò bínú. Ó ní baba ni àwọn kọ Sátidé fún, àwọn kò kọ ọ́ fún baba àgbà. Ìjọba ti gbé Monílọ́lá lọ sí ilé ìwé kan ní Àkúrẹ́, ìparí oṣù kẹwàá ló ń lọ, ó sì ń mú ọmọ lọ. Kọ́ọ̀tù ní bí ìwọ Báyọ̀ bá wá fúnra rẹ, tí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà wọn ní Ọ̀rẹ̀, ní Sátidé ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, ní aago mẹ́sàn-án, àṣẹ náà yóò máa lọ. Bí o kò bá wá, wọn yóò pa á rẹ́. Monílọ́lá dìde, ó ní òun kọ̀wé sí ọ lẹ́ẹ̀mejì, o kò fèsì, àti pé bí o bá lè wá lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra òun ni yóò máa gbé ọmọ wá láti Àkúrẹ́ lóṣooṣù. Mo bèèrè bóyá wọ́n lè kọ ìdajì Sátidé kan péré fún èmi. Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tó wà níwájú àwọn.

Nígbà tí a jáde, Ìyá Ọ̀wọ̀ tẹ̀lé mi dé abẹ́ igi. Mo fẹ́ sá fún un, orúnkún kò jẹ́. Mo sọ fún un pé kó kú oríire, òun ló borí, òun ni yóò máa bá ọmọ gbé ní Àkúrẹ́. Ó ní yàrá kan ni ìjọba fún Monílọ́lá níbẹ̀, òun ń padà sí Ọ̀wọ̀. Ó ní, “Bàbá Báyọ̀, èmi náà kò sí nínú ìwé yẹn.” Inú mi dùn díẹ̀, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà mo wo ojú rẹ̀, inú mi kò dùn mọ́. A jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, àgbà méjì tí kò ní ìwé, ó bó ọsàn kan, ó fún mi ní ìdajì.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò jowú obìnrin náà mọ́. Ìwọ ni mo ń jowú, Báyọ̀. Orúkọ rẹ ni wọ́n kọ sínú ìwé tó ní òǹtẹ̀, ìwọ tí o kò ṣí i wò rí. Èmi tí mo ń jí lọ wọ mọ́tò, èmi tí mo ń wo ojú ọ̀run láti ọjọ́ Ẹtì kí òjò má baà dí wa lọ́nà, ẹ̀bùn rẹ ni mo ń bá ọ lò láti ọjọ́ yìí wá. Owú yìí korò ju ti ìṣáájú lọ, torí ọmọ mi ni mo ń jowú.

Ní ti ohun tí mo fẹ́, o mọ̀ pé bí lẹ́tà mi bá ti fẹ́ parí, mo máa ń tọrọ owó. Fi owó oògùn kòkó ránṣẹ́ bó bá wà. Ra aago ọwọ́ kan fún mi, torí aago ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbọ́ kí n tó gbéra, ẹni tó ń lù ú sì ti ń gbàgbé. Ra bèbí oníke kan fún Adékẹ́mi, kó jẹ́ èyí tó tóbi ju èyí tí Ìyá Ọ̀wọ̀ rà fún un lọ, mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ jù, tàbí owó kò bá tó, fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o wá ní ọwọ́ òfo.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ ní kọ́ọ̀tù. Ní Sátidé tí a wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, bí ọmọ ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó bi mí pé, “Bàbá mi ńkọ́, kílò mélòó ni?” Mo ní yóò tó àpò kòkó kan. Ó lọ bá àpò kan tó wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dì mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Sàlíhù yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ló já a kúrò níbẹ̀, torí aago mẹ́rin ti fẹ́ lù.

Kí Ọlọ́run tó mú mi rí ọ nígbà tí o kéré jẹ́ kí o rí ọmọ tìrẹ nígbà tó ṣì kéré. Kí ó ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí taya mọ́tò tí o bá wọ̀ má ṣe jò, kí ọ̀gá yín fún ọ láyè lọ́jọ́ náà láìjanpata. Ilé Ajue ń kí ọ, ìyá rẹ tó wà lábẹ́ igi ọsàn ń kí ọ.

Èmi ni baba rẹ,
Benson Babalọlá.

Mo tún ṣí ìwé yìí padà láti sọ pé aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ, kì í ṣe mẹ́wàá. N óò dúró ní òdìkejì títì, ibi tí Adékẹ́mi kò ti ní rí mi. Ìwọ ni kó rí.